Ààrò Tí Kì í Jẹ Igi Púpọ̀

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Ṣùgbọ́n ooru iná ni ó ń dà nù. Bí a bá gbé ìkòkò ka orí òkúta mẹ́ta ní gbangba, ìdá kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdá mẹ́wàá ooru igi ni ó ń wọ inú ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ìyókù lọ.

Ní Èkó-Ẹndẹ, ọ̀ràn yìí kò mọ sí ilé ìdáná nìkan. Kí Ìkìrun, Ìníṣà, Òkukù àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká lè rí omi lò ni a ṣe sé odò Ọ̀tìn síbẹ̀. Bí a bá gé igi bèbè odò tán, àgbàrá yóò máa kó yẹ̀pẹ̀ wọ inú dáàmù, ààyè omi yóò sì máa kéré sí i. Èéfín náà kò ṣeé fojú di: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, ẹ̀mí tí èéfín ìdáná inú ilé gbà ní gbogbo ayé tó mílíọ̀nù 3.2. Àwọn ìyá àti ọmọ tí ń jókòó ti iná ni ó ń mú jù.

Gbogbo onílé ni ó mọ̀ pé gáàsì mọ́ ju igi lọ. Owó ni ìṣòro. Igi ṣeé rà ní ìdì kan lónìí, ìdì kan lọ́la. Sílíńdà gáàsì a máa béèrè owó tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kẹrosíìnì pẹ̀lú ti di ọ̀wọ́n láti ọdún 2016, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé iye lítà kan kúrò ní náírà 50 sí 83. Ọ̀pọ̀ ilé bá yà sídìí èédú. Nítorí pé èédú kò rú èéfín púpọ̀, àwọn kan rò pé ó ṣàánú igbó, bẹ́ẹ̀ kọ́. Igi tí ó tó kílò mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń sun kí a tó rí èédú kílò kan. Èédú tí ń jó nínú yàrá tí a tì pa a sì máa pa ẹni tí ó sùn síbẹ̀, láìgbọ́ òórùn ohunkóhun.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ààrò tí ó ní. Amọ̀ okìtì ọ̀gán ni kí a pò mọ́ koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, kí a fi mọ ògiri yí òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, kí a ṣí ojú kan sílẹ̀ fún igi, kí a sì dá ihò sẹ́yìn fún èéfín. Àlàfo tí ó wà láàárín ìkòkò àti ògiri kò gbọdọ̀ ju ìbú ìka kan lọ. Abẹ́ ìbòòji ni kí ó ti gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó má baà sán.

Ààrò yìí ní wàhálà tirẹ̀. Igi wẹ́wẹ́ ni ó ń fẹ́, nítorí náà ẹni tí ó bá ní kò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ kò sọ òtítọ́. Kò sì gba ìkòkò àsè. Igi tútù kò yẹ ẹ́, nítorí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Kí a là á, kí a sá a títí yóò fi gbẹ. Ewà tí a rẹ sómi mọ́jú, tí a sì dé lórí iná, kì í pẹ́ jinná.

Àgúnmánìyẹ̀ ni kí a fi ṣe ọgbà ilé: ẹ̀ka rẹ̀ tí a bá rì mọ́lẹ̀ lásìkò òjò a máa hù, bí a bá gé e a tún rúwé, ewúrẹ́ a sì máa jẹ ewé rẹ̀. Bí ògiri ààrò bá sì lanu, amọ̀ kan náà ni a ó fi rẹ́ ẹ.