Màmá, ẹ bi í pé ta ló máa kọ́ ọ

Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó dáadáa kò ní jiyàn pé orúkọ òkè pọ̀ ládùúgbò náà àti àyíká rẹ̀. Òkè Àrín wà níbẹ̀, tí ọjà rẹ̀ kì í tú. Òkè Pópó wà, Òkè Sùnà náà wà. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, tó ní kí wọ́n fi òkè han òun, ẹ̀rín ni wọn yóò fi í rín. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀sà ló yí i ká, bí òjò bá sì rọ̀ fún wákàtí méjì péré, omi yóò máa wá ibi tí yóò gbà lọ, kò ní tètè rí.

Nítorí náà, bí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó wà lókè òkun bá tẹ ìyá rẹ̀ láago pé, "Màmá, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ń lọ sórí òkè lọ́jọ́ Sátidé, a fẹ́ lọ fi pátákó yọ̀ lórí òjò dídì," ẹ̀rù tó máa ba ìyá náà kì í ṣe kékeré. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Kí lo gbàgbé síbẹ̀?" Èkejì ni pé, "Ṣé ohun tí mo ní kí o lọ ṣe nìyẹn?"

A kò dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ohun tí ojú kò rí rí, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ju ti ohun tí a mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn ọmọ wa ń lọ ṣe lórí òkè yìí, kí a lè mọ ìbéèrè tó tọ́ tí a ó bi wọ́n. Ewu wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí a rò pé ewu náà wà kọ́ ló wà.

Òjò dídì kì í ṣe yìnyín tó máa ń bá òjò wá nílẹ̀ wa, èyí tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà sínú abọ́. Yìnyín le bí òkúta. Òjò dídì fúyẹ́ bí òwú, bí ó bá sì bọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, yóò bo òkè mọ́lẹ̀ títí ènìyàn kò fi ní rí koríko mọ́. Àwọn tí wọ́n ń gbé nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti pẹ́ tí wọ́n ti ń so pátákó gígùn, tó pẹlẹbẹ, mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì láti fi rìn lórí rẹ̀. Pátákó yìí ni wọ́n ń pè ní síkì. Nígbà tó yá, ó di eré ìdárayá. Wọn yóò gun orí òkè, wọn yóò sì yọ̀ wá sísàlẹ̀. Ẹ rántí bí àwọn ọmọ wa ní ilẹ̀ olókè ṣe máa ń jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ, tí wọ́n á máa yọ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Eré kan náà ni, òtútù ló fi jù ú lọ.

Kò sì di dandan kí ènìyàn dé ilẹ̀ aláwọ̀ funfun kó tó rí i. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, orílẹ̀-èdè Lesotho wà, tí South Africa yí ká lọ́tùn-ún lósì. Orí òkè ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà wà. Ní ibi tí wọ́n ń pè ní Mahlasela, tó ga tó nǹkan bí 3,000 mítà sókè ju ojú òkun lọ, ibùdó síkì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Afriski. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá ń da omi sílé onílé l'Ékòó, ìgbà yẹn gan-an ni òtútù ń mú ní Lesotho, tí àwọn ènìyàn sì ń kó ẹrù wọn lọ sórí òkè náà.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù lọ rèé. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ìyẹn ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí òkè sílẹ̀, kò dà bí àárín sáà. Òjò dídì kò tíì pọ̀ nígbà náà. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú èyí tó wà nílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí òtútù mú kọjá ibi tí omi ti ń dì, ẹ̀rọ náà yóò máa fi afẹ́fẹ́ tó lágbára tú omi wínníwínní sójú ọ̀run, omi náà yóò sì dì kó tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n irú èyí máa ń ki, ó sì máa ń le ju èyí tí Ọlọ́run rọ̀ lọ. Bí oòrùn bá pa á lọ́sàn-án, tí òtútù tún mú un lóru, yóò dán bí àwo lówùúrọ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nítorí pé òjò dídì kò tíì kárí òkè, ó lè jẹ́ ojú ọ̀nà kan tàbí méjì péré ni wọ́n máa ṣí. Gbogbo ẹni tó ti ń retí láti ọdún tó kọjá yóò wá há mọ́ ibẹ̀, ògbóǹtarìgì àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Òkúta àti gbòǹgbò igi lè fara pamọ́ sábẹ́ òjò dídì tí kò nípọn. Ẹsẹ̀ tó ti sinmi fún oṣù mẹ́jọ kò tíì rántí iṣẹ́ rẹ̀. Bí òkè bá sì ga, èémí kì í tó ènìyàn dáadáa. Orúnkún ló máa ń fara gbá jù nínú eré yìí. Bí pátákó bá yí sí ọ̀tún, tí ara yí sí òsì, iṣan inú orúnkún lè já. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ohun tó di bàtà mú mọ́ pátákó lọ́nà tí yóò fi tú fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbọ́dọ̀ wọn bí yóò ṣe le tó, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ara ẹni tó fẹ́ lò ó.

Òfin sì wà lórí òkè náà, bí òfin ṣe wà lójú títì. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ yà fún ẹni tó wà níwájú. Kò sí pé ẹnì kan ń fun fèrè bíi dánfó kí wọ́n lè sún fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró sí kọ́nà tí ẹni tó wà lókè kò ti ní rí i.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni gbogbo èyí. Rárá o. Lọ́dún 1984, ọmọ Senegal kan, Lamine Guèye, sáré síkì níbi ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Sarajevo. Òun ni ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2014, Togo tó múlé ti Benin rán obìnrin méjì lọ sí ti Sochi, ìyẹn Mathilde-Amivi Petitjean àti Alessia Afi Dipol. Èyí Dipol yìí, eré àtorí òkè sọ̀kalẹ̀ gan-an ló lọ ṣe.

Èyí tó wù wá jù láti sọ ni ti Kwame Nkrumah-Acheampong, ọmọ Ghana. Glasgow ni wọ́n bí i sí, Ghana ló sì dàgbà sí. Lọ́dún 2002, ó ríṣẹ́ ní Milton Keynes, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n kọ́ òkè òjò dídì sí abẹ́ òrùlé. Iṣẹ́ ẹni tó ń gba àlejò ló ń ṣe níbẹ̀, kì í ṣe ti eléré ìdárayá. Inú ilé yẹn ló ti kọ́ síkì. Ó gbìyànjú láti lọ sí Òlíńpíìkì ọdún 2006, kò bọ́ sí i. Nígbà tó di ọdún 2010, ó dé Vancouver, ó wọ aṣọ tó ní àmì ara ẹkùn. Ènìyàn 102 ló bẹ̀rẹ̀ eré náà, 48 péré ló parí rẹ̀. Kwame ló ṣe ìkẹtàdínláàádọ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà: ó lé ní àádọ́ta ẹni tí kò parí eré tí ọmọ Ghana parí.

Àwọn tiwa náà kò gbẹ́yìn. Lọ́dún 2018 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, ní PyeongChang, nílẹ̀ Korea. Seun Adigun, tó ti sáré fún wa ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2012, ló wa ọkọ̀ orí yìnyín, òun pẹ̀lú Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga. Ìlú Houston, tí oòrùn rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa, ni Seun ti fi igi kan ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ bí a ṣe ń tì í. Simidele Adeagbo ní tirẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí pátákó kékeré, tó sì forí síwájú sọ̀kalẹ̀. Ẹni ọdún 36 ni nígbà náà. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan eré náà, nígbà tí oṣù kejì ọdún 2018 fi máa dé, ó ti wà ní Korea. Wọ́n kẹ́yìn nínú ìdíje tiwọn, a kò ní fi ìyẹn pa mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló sọ̀kalẹ̀ ní àlàáfíà. Lọ́dún 2022 ẹ̀wẹ̀, Samuel Ikpefan nìkan ló gbé àsíá wa dé Beijing, síkì orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó sì ṣe.

Kí ni gbogbo wọn jọ ní? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kàn gbéra lọ́jọ́ kan tó lọ já ara rẹ̀ sílẹ̀ láti orí òkè. Abẹ́ òrùlé ni ti Kwame ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ onígi ni Seun fi bẹ̀rẹ̀. Simidele ní tirẹ̀ ní ẹsẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọdún eré orí pápá ti kọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Wọ́n ṣubú o, nítorí ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Àmọ́ ibi tí ìṣubú kò ti ní pa ènìyàn lára púpọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣubú.

Nítorí náà, màmá, bí ọmọ bá tẹ̀ yín láago, ẹ má tíì gbé e ṣépè, ẹ má sì ní òun kò gbọdọ̀ lọ. Ọmọ tí ẹ bá dí lọ́nà yóò lọ, kò kàn ní sọ fún yín mọ́ ni. Ẹ bi í léèrè ohun mẹ́rin. Ta ló máa kọ́ ọ? Kí ó má ṣe jẹ́ ọ̀rẹ́ tóun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n lésìí, kó jẹ́ olùkọ́ tí ibùdó náà gbà síṣẹ́. Ṣé yóò dé akoto, bíi ti ọlọ́kadà? Ṣé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ kan síkì? Ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò ni kò kàn án àyàfi tí ènìyàn bá dárúkọ rẹ̀, owó gbígbé aláìsàn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè kò sì kéré. Ìkẹrin, ṣé ó lè dúró di ìgbà tí òjò dídì bá pọ̀ sí i, tí wọ́n sì ti ṣí ọ̀nà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ?

Bó bá rí ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ súre fún un. Ẹ wá sọ fún un pé kó tẹ̀ yín láago bó bá ti sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe nígbà tó bá délé.