Adójútòfò Ìlera àti Owó Ìgbọ́bùkátà Nígbà Àìsàn

Kókó ọ̀rọ̀

• Ìnáwó méjì ni àìsàn ń mú wá: owó ìtọ́jú, àti owó tí kò wọlé mọ́ nítorí pé aláìsàn kò lè ṣiṣẹ́.
• Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ó ń gbé ní Nàìjíríà.
• Adójútòfò ìlera ń san owó ìtọ́jú. Kì í san owó ilé tàbí owó oúnjẹ.
• Òṣìṣẹ́ tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìrànwọ́ lábẹ́ òfin ọdún 2010.

Àlàyé

Ní Nàìjíríà, àpò ara ẹni ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ti ń jáde. Àìsàn tí ó bá pẹ́ sì tún ń dí ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé. Awakọ̀ tí egungun itan rẹ̀ kán lè kúrò ní ilé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n egungun náà sábà máa ń gba oṣù 3 sí 6 kí ó tó so pọ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ìdílé rẹ̀ yóò máa jẹun, onílé yóò sì máa béèrè owó ilé.

Ohun tí adójútòfò ìlera ń san

Nínú ètò ìjọba àpapọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, a ń tọ́jú òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ 4 tí kò tíì pé ọdún 18. Aláìsàn ń san ìdá 10 nínú 100 owó oògùn. Bí kì í bá ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé láti ilé ìwòsàn tí ó ti forúkọ sílẹ̀ kí ó tó lọ sí òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò san owó náà.

Ìpalára lẹ́nu iṣẹ́

Àjọ NSITF ni ó ń bójú tó owó ìrànwọ́ yìí. Agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó wọn. Ẹni tí ó farapa gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Àìsàn tí kò ti ara iṣẹ́ wá kò sí nínú ètò yìí.

Àfikún adójútòfò

Nítorí náà, àwọn kan ń ra àfikún tí ń san owó nígbà tí àìsàn tàbí ìpalára bá dá iṣẹ́ wọn dúró. Kí ènìyàn tó fọwọ́ sí ìwé, ó yẹ kí ó béèrè pé:

• Ǹjẹ́ ilé iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ àjọ NAICOM?
• Àìsàn wo ni wọn kò ní san owó lé lórí? Èyí tí ó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ńkọ́?
• Ọjọ́ mélòó ni aláìsàn yóò dúró kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé?
• Èló ni lóṣooṣù, fún oṣù mélòó?

Àjọ àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wúlò, ṣùgbọ́n owó tí ènìyàn ti dá nìkan ni àjọ ń dá padà, ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ sì ní láti di sísan. Wọn kò lè dípò adójútòfò.

Ojúṣe òṣìṣẹ́ ìlera

Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ni ẹ̀rí tí ilé iṣẹ́ adójútòfò ń wò. Bí dókítà kò bá kọ ọjọ́ tí ìpalára ṣẹlẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti iye ọjọ́ ìsinmi, ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí owó lè pàdánù rẹ̀. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera béèrè irú iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kedere, kí ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀dà rẹ̀ kí ó tó lọ sílé.