Ohun Tí À Ń Kì Sábẹ́ Táyà

Àwọn tí ó ka ìtàn Ìbàdàn mọ Kúdẹtì gẹ́gẹ́ bí ibi tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853. Àwọn awakọ̀ mọ̀ ọ́n ní ti ọ̀nà tí ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Àwọn òpópó ńlá ti gba ọ̀dà; ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀nà kéékèèké tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìpadò ni ìyọnu wà. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì a máa ké, táyà a máa yí lójú kan, àwọn ọ̀dọ́ a sì ká ṣòkòtò sókè láti tì í. Ẹnì kan a ní kí wọ́n gbé pákó wá, òmíràn a ní òkúta ni, ẹ̀kẹta a ní kí wọ́n da yanrìn sí i. Kò sí èyí tí ó parọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó wúlò níbi gbogbo.

Kì í ṣe yíyí tí táyà ń yí ni ó ń gbé ọkọ̀ lọ. Ilẹ̀ tí táyà rí dì mú ni. Ẹni tí ń gun òkè lẹ́yìn òjò mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ kò bá rí ibi tẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ó ti wù kí a yára tó, ẹ̀yìn ni a ó máa lọ. Amọ̀ tí ó mu omi a máa yọ̀ bí ọṣẹ, a sì máa dí àwọn ilà ojú táyà, tí táyà tuntun yóò fi dà bí èyí tí ó ti pá. Awakọ̀ tí ó bá tún tẹ ọkọ̀ níná nígbà náà, kòtò ni ó ń gbẹ́ fún ara rẹ̀.

Nítorí náà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú, kí a fi gún ẹrẹ̀ náà wò. Bí ẹrẹ̀ bá fẹ́lẹ́, tí ilẹ̀ líle sì wà lábẹ́ rẹ̀, kí a fi ṣọ́bìrì kó o kúrò, kí a sì da yangí tàbí òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Bí ó bá jìn, òkúta yóò rì bí ẹni pé a kò da nǹkan kan. Pákó fífẹ̀ ni ó dára níbẹ̀, nítorí pé ó ń pín ìwúwo ọkọ̀ sórí ilẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n pákó dídán tí ó tutù burú ju ẹrẹ̀ lọ, àfi bí a bá fi àpò ìdọ̀họ wé e. Imọ̀ ọ̀pẹ tútù náà dára, bí a bá tẹ́ ẹ ní ìbú, tí táyà yóò fi máa gun ọwà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú yanrìn etí òkun Èkó, ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n: a ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ó lè fẹ̀ sórí ilẹ̀, a ó sì tún un fẹ́ kí a tó padà sórí ọ̀dà. Abẹ́ táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni kí a sì kì í sí. Ti iwájú ni nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní, ti ẹ̀yìn ni nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù.

Ọ̀ràn kan náà ni àwọn ọmọ Ìbàdàn tí ń gbé ní Kánádà ń bá pàdé nínú yìnyín. Ní ìpínlẹ̀ Quebec, òfin ni pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, táyà ìgbà òtútù ni kí ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Rọ́bà táyà lásán a máa le bí òtútù bá ti rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n 7 Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ. Ti ìgbà òtútù kì í le bẹ́ẹ̀, ilà wẹ́wẹ́ sì pọ̀ lójú rẹ̀. Níbi tí yìnyín bá ti nípọn lórí òkè, ẹ̀wọ̀n irin ni wọ́n ń so mọ́ táyà. Harry Weed, ará Amẹ́ríkà, ni ó gba ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ ní 1904. Wọ́n ní okùn àti ìtàkùn tí àwọn awakọ̀ ń wé mọ́ táyà ni ó rí tí ó fi ronú kàn án. Ẹ̀wọ̀n yìí kò bá ọ̀dà gbígbẹ lò, nítorí a máa ba ọ̀nà àti táyà jẹ́.

Ewu tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ni ti àwọn tí ń ti ọkọ̀. Pákó tí táyà tí ń yí bá gbá dànù lè ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dúró ní ọ̀gangan táyà, ìbáà ṣe níwájú tàbí lẹ́yìn. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má dúró ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rárá, kí a sì ti fi ìtì igi dá àwọn táyà yòókù dúró kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹrẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ omi tí ń ṣàn ni ó bo ọ̀nà, kò sí ohun tí a lè kì sábẹ́ táyà. Omi tí ó jìn tó 60 sẹ̀ntímítà lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, nígbà tí àwọn odò Ìbàdàn kún àkúnya, àwọn tí ó kú ju 100 lọ. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ ni, a ó sì gba òkè lọ.