Owó Kí Ni Wọ́n Tún Ń Gbà Yìí?

Ohun rere kì í wọ ìlú kí gbogbo ènìyàn kí i káàbọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí ìjọba bá ní òun fẹ́ la ọ̀nà, ẹni tí ọ̀nà náà yóò gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá yóò ké. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn, ohun tí ará ọjà yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Èló ni?” Ìbéèrè kejì kò ní í pẹ́ tẹ̀ lé e: “Ta ni yóò kó o jẹ?” Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ adójútòfò ìlera ti dé àárín wa ni mo ti ń gbọ́ ìbéèrè méjèèjì yìí lẹ́nu àwọn oníṣòwò, àti lẹ́nu àwa olùkọ́ pẹ̀lú. N kò bá ẹni tó ń béèrè wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Àwọn bàbá wa ti bá irú rẹ̀ pàdé, wọ́n ti bá a jà, a sì mọ ibi tí ó já sí.

Ní oṣù keje ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà, tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá kan síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn pé kí gbogbo ọmọ máa kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Action Group, ẹgbẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ló ń ṣe ìjọba nígbà náà. Wọ́n tún ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 máa gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni kò fẹ́ èyí? Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń ṣe é. Ìjọba bá bu ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé owó-orí tí àgbàlagbà ń san, wọ́n ní owó ẹ̀kọ́ àti ìlera ni. Ibẹ̀ ni gbẹgẹdẹ ti gbiná.

Kò yẹ kí á pe àwọn tó kọ̀ nígbà náà ní aláìmọ̀kan. Ìdí wọn ṣe kókó. Èkíní, ọmọ ni ọwọ́ àgbẹ̀. Ọmọ ní ń kó kòkó tí a bá ká jọ, òun ní ń pọn omi tí a fi ń fín in, òun ní ń ṣọ́ èyí tí a bá sá sóòrùn. Bí gbogbo ọmọ bá lọ sílé ìwé, ta ni yóò bá bàbá ṣiṣẹ́? Èkejì, owó ti ń jáde lápò nígbà tí ilé ìwé ṣì wà lẹ́nu àwọn olóṣèlú. Ẹ̀kẹta, ọgbẹ́ owó-orí kò tíì jinná lára wọn. Owó-orí wà nínú ohun tó fa Ogun Adubi nílẹ̀ Ẹ̀gbá lọ́dún 1918. Kò sì tíì pẹ́ rárá tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Arábìnrin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, dìde sí owó-orí obìnrin, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi sọ̀kalẹ̀ lórí oyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Àwọn alátakò kò jẹ́ kí iná náà kú. Adégòkè Adélabú ti Ìbàdàn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, fi ọ̀rọ̀ owó-orí bá àwọn mẹ̀kúnnù sọ̀rọ̀ ní èdè tó yé wọn. Nígbà tí ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ dé ní ọdún 1954, NCNC mú ìjókòó 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group mú 18. Ìjọba tó fẹ́ fi ìwé ọ̀fẹ́ ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ ni àwọn ènìyàn náà já jù sílẹ̀.

Bàbá bàbá mi wà nínú àwọn tó kọ̀. Àgbẹ̀ oníkòkó ni. Bàbá mi sọ fún mi pé bí wọ́n bá ti gbúròó agbowó-orí, oko ni bàbá àgbà ń sùn. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Wọ́n ń gba owó ìwé ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀nà ilé ìwé.”

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955, ilé ìwé ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ tí a kò mọ ọjọ́ ìbí wọn na ọwọ́ gba orí kọjá, bí ọwọ́ bá kan etí kejì, a gbà wọ́n wọlé. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lé díẹ̀ ní 450,000 ní ọdún 1954. Ní ọdún 1955, wọ́n lé ní 800,000. Bàbá àgbà tó ń sùn lóko nítorí owó-orí ló fọwọ́ ara rẹ̀ ra ṣòkòtò kakí fún bàbá mi, tó sì mú un dé iwájú tíṣà. Nígbà tí ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn dé ní oṣù karùn-ún ọdún 1956, Action Group mú ìjókòó 48 nínú 80. N kò sọ pé ilé ìwé nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ojú àwọn ènìyàn ti rí ohun tí etí wọn ń gbọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn alátakò wí ni irọ́. Olùkọ́ kò tó. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá ni wọ́n fi síwájú kíláàsì. Nígbà tí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ jáde ní ìparí ọdún 1960, ọ̀pọ̀ kò rí iṣẹ́ ìlú, wọn kò sì fẹ́ padà sóko. Ní Ìlà-Oòrùn, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 1957. Owó kò tó wọn. Nígbà tó di ọdún 1958 wọ́n tún ní kí àwọn òbí máa san owó, ni àwọn obìnrin bá fọ́n sígboro. Ẹ wò ó: àwọn kan bínú nítorí pé ìjọba gba owó fún ohun tí wọn kò tíì rí, àwọn kan bínú nítorí pé wọ́n fi ohun náà hàn wọ́n tán, wọ́n sì gbà á padà. Ìbínú kejì le ju ti ìṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú ọ̀rọ̀ bọ̀ sí ìgbà tiwa. Ní ọdún 2005 ni adójútòfò ìlera bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà. Àwọn ìpínlẹ̀ wa náà ti dá tiwọn sílẹ̀. Òwò rẹ̀ kò ṣòro: gbogbo wa á dá owó díẹ̀díẹ̀, ẹni tí àìsàn bá mú la ó fi tọ́jú.

Mo bá ìyá kan tó ń ta aṣọ sọ ọ́. Ó ní, “Tíṣà, ara mi yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí mo bá ń san owó ilé ìwòsàn nígbà tí nǹkan kan kò ṣe mí, ṣé kì í ṣe pé mo ń fowó pe àìsàn wálé?”

Mo ní, “Ìyá, ẹgbẹ́ yín ńkọ́? Ẹ̀ ń dá owó lóṣooṣù, ẹni tí òfò bá ṣẹ̀ lẹ̀ ń kó o fún. Ṣé ẹ̀ ń fi owó yẹn pe òfò ni?”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n mo mọ akápò ẹgbẹ́ wa, mo sì mọ ilé rẹ̀. Akápò ti ìjọba, níbo ló ń gbé?”

Ìyá ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan wà tí wọ́n ń yọ owó yìí nínú owó oṣù rẹ̀. Nígbà tí ó gbé ìyàwó rẹ̀ dé ilé ìwòsàn tí wọ́n pín in sí, wọ́n ní kò sí oògùn, kí ó lọ rà á níta. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo tó láti ba ìwàásù ọdún kan jẹ́ láàárín ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ètò yìí, ẹ rántí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn ló mú bàbá àgbà kúrò lóko. Ilé ìwé tó rí ni. Ẹ jẹ́ kí oògùn wà lórí àtẹ. Ẹ kọ ohun tí owó náà bò àti èyí tí kò bò sára ògiri ilé ìwòsàn, ní Yorùbá. Ẹ pe àwọn ìyálọ́jà, kí ẹ ṣírò owó lójú wọn.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ béèrè, ẹ má dákẹ́. Ẹ lọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, kì í ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n pé oògùn wo, iṣẹ́ abẹ wo, ilé ìwòsàn wo. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbínú sí akápò kọ àjọ sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó kún fọ́fọ́, tí iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo gbé gbogbo ojú owó rẹ̀ lọ. Bí a ti ń sunkún, bẹ́ẹ̀ la ń ríran. Owó tí wọ́n ní kí á san ń dùn wá, òótọ́ ni. Ẹ sun ún, ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín sílẹ̀.