Ṣé o mọ̀? Peugeot 504 àti Peugeot 208

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ méjèèjì yìí ló gba oyè ọkọ̀ tó peregedé jù lọ lọ́dún ní Yúróòpù? 504 gbà á ní 1969, 208 ní 2020.

Ṣé o mọ̀ pé 208 kúrú ju 504 lọ, síbẹ̀ ó tún fẹ̀ jù ú lọ? Mítà 4.49 ni 504 gùn, 208 kò ju 4.06 lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di ìbú, 1.69 ni ti àgbà, 1.75 ni ti àbúrò.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ti 504 tó jáde ní 1968 ní písítìnì mẹ́rin, 1,796 cc, agbára ẹṣin rẹ̀ sì tó bí 80. Mẹ́ta péré ni písítìnì 208 tó ń lo pẹtiróòlù, 1,199 cc, síbẹ̀ èyí tó ní tọ́bò ń yọ 100! Èéfín tó ń jáde lọ ló ń yí tọ́bò yẹn, tí tọ́bò fi ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì. Kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo sí i, iṣẹ́ tí kabúrétọ̀ ń ṣe láyé 504.

Táyà ẹ̀yìn ló ń ti 504, táyà iwájú ló ń fa 208.

Ṣé o mọ̀ pé bíréèkì dísìkì ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 504 tó jáde ní 1968? Títí dòní, àwọn ọkọ̀ kékeré kan ṣì ń lo dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Àmọ́ 504 ìgbà náà kò ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba orí àti àyà èèyàn sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. 208 ní in níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá di ti ẹ̀mí àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn, 208 ni màá yàn, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà tó kún fún kòtò ńkọ́? Háà, 504 lọ̀gá ibẹ̀! Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó rọ̀, táyà á wọ kòtò, èrò inú ọkọ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Ní 1975, awakọ̀ kan, Ove Andersson, fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje ọkọ̀ Safari ní Kẹ́ńyà, nínú eruku àti ẹrẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ fún Nàìjíríà, kò sì pẹ́ tó fi di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba àti ọkọ̀ èrò ọ̀nà jíjìn.

Ṣé o mọ̀ pé 208 kan wà tí kò tiẹ̀ ní písítìnì rárá? e-208 ni wọ́n ń pè é. Bátìrì ló ń gbé e rìn, agbára ẹṣin 136 ni èyí tó kọ́kọ́ jáde ní. Kò sí pílọ́ọ̀gì tí mẹkáníìkì máa tú níbẹ̀, kò sì sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó máa pààrọ̀.