Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ àti Jàkúsì Inú Ilé: Ohun Tí Ètò Aládàáṣe Lè Ṣe àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Ọ̀pọ̀ onílé tí ó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni ó ti ń pààrọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ sí èyí tí ń dá ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù ń tan ara rẹ̀, ó sì ń pa ara rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fi kilorínì sínú omi ní ìwọ̀nba. A sì lè fi fóònù mú omi jàkúsì gbóná kí a tó dé ilé. Bí a bá to ètò yìí dáadáa, omi yóò máa mọ́ déédéé ju bí ọwọ́ ènìyàn nìkan ti lè ṣe é lọ. Bí a kò bá tò ó dáadáa, ó lè pa ènìyàn lára, ó sì lè gba ẹ̀mí. A kọ ìwé yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti fún àwọn ìdílé tí ń lo irú omi bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Pọ́ǹpù ń fa omi láti inú adágún. Omi náà gba inú asẹ́ kọjá, ó gba inú ẹ̀rọ amómigbóná, lẹ́yìn náà ni a fi kilorínì àti ásíìdì sí i kí ó tó padà sí adágún. Ètò aládàáṣe sábà máa ń ní ojú ìwọ̀n méjì. Ọ̀kan ń ka pH omi; èkejì ń ka agbára tí omi ní láti pa kòkòrò àrùn. Èkejì yìí kì í ka iye kilorínì gan-an. Bí cyanuric acid, èròjà tí ń dáàbò bo kilorínì lọ́wọ́ oòrùn, bá pọ̀ jù, kilorínì lè wà nínú omi kí ó má sì tètè pa kòkòrò. Nítorí náà, pépà ìdánwò kò gbọdọ̀ kúrò nílé. Ẹ fi dán omi wò kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́: kí kilorínì tí ó ṣì lágbára má dín sí mílígíráàmù 1 nínú lítà kan fún adágún, kí ó má dín sí 2 bí cyanuric acid bá wà nínú rẹ̀, kí ó má sì dín sí 3 fún jàkúsì; kí pH wà láàárín 7.0 sí 7.8. Ẹ má fi cyanuric acid sínú jàkúsì rárá.

Àwọn kan gbàgbọ́ pé adágún oníyọ̀ kò ní kilorínì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú iyọ̀ náà gan-an ni ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń ṣe kilorínì jáde.

Kí ló dé tí jàkúsì fi nílò ìṣọ́ra jù?

Omi gbígbóná tètè ń lé kilorínì lọ, ìwọ̀n omi rẹ̀ kéré, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó bá sì wọ̀ ọ́ pọ̀ fún un. Bakitéríà tí a ń pè ní Pseudomonas máa ń mú kí ara ro, kí ìléròrò sì yọ síbi tí aṣọ ìwẹ̀ bò. Èyí tí ó le jù ni Legionella. Ó fẹ́ràn omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, atẹ́gùn tí jàkúsì ń tú sínú omi a sì máa gbé e sókè gẹ́gẹ́ bí ìkùukùu tín-ín-tín tí ènìyàn ń fà símú. Ní ọdún 1999, níbi ìpàtẹ òdòdó kan ní ìlú Bovenkarspel ní orílẹ̀-èdè Netherlands, jàkúsì tí a kàn gbé síbẹ̀ fún ìpolówó fa àrùn yìí. Àwọn tí ó kú lé ní 30. Àwọn tí ó kàn ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó àrùn náà láìfi ẹsẹ̀ kan omi.

Bí ẹ bá ń fi fóònù mú omi gbóná, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ti ìwọ̀n ooru pa sí 40°C, kí ó má lè kọjá bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 má wọ̀ ọ́. Kí aláboyún bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́.

Nígbà tí iná bá lọ

Apá yìí ni ó yẹ kí àwọn ará Nàìjíríà kà ní àkàtúnkà, nítorí inú ilé tí iná mànàmáná ti ń tún àárọ̀ àti alẹ́ ara rẹ̀ tò ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ sí. Bí a bá so pọ́ǹpù mọ́ iná ìjọba, tí a sì so ẹ̀rọ tí ń fi kilorínì àti ásíìdì sí omi mọ́ inverter, iná yóò lọ, pọ́ǹpù yóò dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré yẹn kò ní dúró. Yóò máa kán kilorínì àti ásíìdì sínú páìpù tí omi kò ṣàn mọ́. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé, afẹ́fẹ́ kilorínì tí ó jẹ́ májèlé ni wọn yóò dà. Bí iná bá dé, pọ́ǹpù yóò ti gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà sáàárín àwọn tí ó wà nínú omi, àwọn ọmọdé sì ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná so ẹ̀rọ náà mọ́ pọ́ǹpù lọ́nà tí kò fi ní lè ṣiṣẹ́ láìsí pọ́ǹpù, kí ó sì fi suwíìṣì tí ń mọ̀ bóyá omi ń ṣàn kún un, nítorí pọ́ǹpù lè máa yí kí omi má sì kọjá. Kí ojú ibi tí ásíìdì ti ń wọlé jìnnà sí ti kilorínì. Bí iná bá lọ, kí gbogbo ènìyàn jáde nínú omi. Kí wọ́n má padà síbẹ̀ títí pọ́ǹpù yóò fi ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí òórùn kankan kò sì sí.

Nínú yàrá ẹ̀rọ, ẹ má ṣe tọ́jú ásíìdì àti kilorínì sójú kan náà. Ẹ má sì da oríṣi kilorínì méjì pọ̀. Wọ́n lè gbiná.

Ihò ìfàmi

Pọ́ǹpù tí agbára rẹ̀ pọ̀ lè fa irun tàbí ara ọmọdé mọ́ ihò ìfàmi, kí àgbàlagbà má sì lè fà á yọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2007 tí a fi orúkọ Virginia Graeme Baker sọ, ọmọ ọdún 7 tí jàkúsì gba ẹ̀mí rẹ̀ lọ́nà yìí ní 2002, ni ó sọ ọ́ di dandan pé kí ideri ihò wọ̀nyí jẹ́ irú tí kò lè di ènìyàn mú. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ pọ́ǹpù sí èyí tí ó lágbára jù, ẹ pààrọ̀ ideri náà pẹ̀lú. Ideri tí ó ti ya kò ṣeé lò fún ọjọ́ kan péré.

Ohun tí ètò aládàáṣe kò lè rí

Orúkọ yìí, aládàáṣe, lè tan ènìyàn jẹ. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé ọmọ kan ń yàgbẹ́ gbuuru. Kòkòrò Cryptosporidium lè gbé nínú omi tí kilorínì rẹ̀ pé fún ohun tí ó lé ní ọjọ́ 7. Bí dókítà bá sọ pé òun ni ó fa ìgbẹ́ gbuuru, kí aláìsàn náà má wọ omi títí ọ̀sẹ̀ méjì yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ìgbẹ́ náà dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ kò sì lè rọ́pò ọgbà tí ó yí adágún ká ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tàbí ojú àgbàlagbà.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Ẹni tí ó fa afẹ́fẹ́ kilorínì símú yóò máa wúkọ́, ojú àti ọ̀fun yóò máa ta á, àyà rẹ̀ lè fún. Ẹ gbé e lọ síbi tí afẹ́fẹ́ mọ́, kí ó má sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ yìí wúwo, ìsàlẹ̀ ni ó máa ń wà. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ara àti ojú rẹ̀. Kò sí oògùn tí ń pa májèlé yìí. Ọ́síjìn àti oògùn tí ń la ọ̀nà èémí ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ má tètè dá a padà sílé, nítorí omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bí àgbàlagbà bá ní òtútù àyà, ẹ bi í bóyá ó wà nítòsí jàkúsì láàárín ọjọ́ 14 sẹ́yìn. Amoxicillin kò ran Legionella. Azithromycin tàbí levofloxacin ni ó ń ràn án. Ìdánwò ìtọ̀ wúlò, ṣùgbọ́n kì í mú gbogbo oríṣi rẹ̀, nítorí náà ẹ gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ sì béèrè àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ìdílé. Ọ̀pọ̀ ètò aládàáṣe ni ó ń fi pH, ìwọ̀n ooru àti wákàtí tí pọ́ǹpù dúró pamọ́ sórí fóònù, ó sì lè sọ fún yín ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ kò mọ̀.