Yekini Wo Ni Ẹ Fẹ́ Kí Ọmọ Yín Jọ?



Bí ènìyàn bá ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí Ọ̀bà-Ilé ní ìrọ̀lẹ́, yóò rí àwọn ọmọ wa lórí pápá. Òkúta méjì ni wọ́n fi ṣe ojú góòlù, ẹsẹ̀ lásán ni àwọn mìíràn sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, bàbá kan nínú ìjọ wa mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 15, wá bá mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Pásítọ̀, ẹ bá mi gbé ọwọ́ lé ọmọ yìí lórí. Bọ́ọ̀lù ni ó yàn láàyò. Ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run kí ó dà bí Rashidi Yekini."

Mo bi í pé, "Bàbá, Yekini wo ni ẹ ń wí? Ti Dallas ni, àbí ti Ìbàdàn?"

Ó wò mí títí, kò dáhùn. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Ọ̀nà Náà Kò Yá

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1963 ni a bí Rashidi Yekini ní Kàdúná. Ará Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ aláṣọ UNTL ní Kàdúná ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1982 ó wá sí Shooting Stars ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1984 ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife líìgì ní ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n Zamalek ti Íjíbítì ni ó borí. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ tí olóògbé M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ sí Africa Sports ní Abidjan. Ọdún 1990 ni ó tó dé Vitória Setúbal ní ilẹ̀ Portugal.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ti ń sún mọ́ ọdún 27 kí ó tó dé Yúróòpù. Ní sáà bọ́ọ̀lù 1993 sí 1994 ó gbá góòlù 21 sáwọ̀n, kò sì sí ẹni tí ó gbá tó o ní líìgì Portugal ní ọdún náà. Wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà fún ọdún 1993. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí oyè náà bọ́ sí lọ́wọ́. Nígbà tí Nàìjíríà gba Ife Áfíríkà ní Tunisia ní ọdún 1994, òun ni ó gbá góòlù jù lọ níbẹ̀, góòlù 5.

Mo sọ èyí nítorí àwọn òbí tí ń kánjú. Àwọn kan máa ń tọ òbí wá pé, "Ẹ mú owó wá, kò ní pẹ́ tí ọmọ yín yóò fi dé òkè òkun." Ẹ ṣọ́ra o! Òfin FIFA kò gbà kí á gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi ní ìwọ̀nba àyè díẹ̀ tí òfin náà là sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ ta ilẹ̀ nítorí ọmọ ọdún 15, tí ó sì ní kí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Yekini, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó gbé.

Yekini ti Dallas

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rántí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà yóò kópa nínú Ife Àgbáyé. Bulgaria ni a bá pàdé ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí eré náà di ìṣẹ́jú 21, Finidi George fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí iwájú ilé, Yekini sì tì í wọlé. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Àgbáyé nìyẹn. Ó sáré wọ inú àwọ̀n lọ, ó na ọwọ́ méjèèjì jáde láàárín ihò àwọ̀n náà, ó di okùn mú, ó ń mì ín, ó ń ké, ó ń sunkún. Daniel Amokachi àti Emmanuel Amuneke fi góòlù méjì kún un, ó di 3 sí òdo. Bulgaria yìí kan náà ni ó ṣe ipò kẹrin ní ìparí ìdíje náà.

Ta ni kò ní fẹ́ bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Títí dé ìgbà tí ó kú, kò sí ọmọ Nàìjíríà tí góòlù rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè wa tó 37 tí Yekini gbá.

Yekini ti Ìbàdàn

Lẹ́yìn Dallas, ó lọ sí Olympiacos ní ilẹ̀ Gíríìsì, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Sípéènì àti Switzerland, ó sì tún bá Nàìjíríà lọ sí Ife Àgbáyé ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1998. Nígbà tí ó padà wálé, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Julius Berger ní Èkó. Ní ọdún 2005, ní ọmọ ọdún 41, ó tún wọ bàtà bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Gateway ní Abẹ́òkúta.

Ìbàdàn ni ó fi ṣe ibùgbé. Kò fẹ́ràn ariwo, kì í sì í fẹ́ bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dá wà. Ní ọdún tí ó ṣáájú ikú rẹ̀, ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé ara rẹ̀ kò yá, àti pé àìsàn náà jẹ mọ́ ti ọpọlọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ó jáde láyé ní ọmọ ọdún 48. Ìrá ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tí ó kú tán ni ẹnu gbogbo ayé tó gba orúkọ rẹ̀.

Mùsùlùmí ni Rashidi. N kò kọ èyí láti dá a lẹ́jọ́. Ìwà kan ni ó wà láàárín wa: bí irú nǹkan báyìí bá dé bá ènìyàn, a ó sáré sọ pé ayé ni ó ṣe é, tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni. Ta ni ó fi wá jẹ adájọ́? Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ohun tí Bíbélì ní í sọ.

Èlíjà Lẹ́yìn Kámẹ́lì

Ẹ ṣí ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 18 àti 19. Lórí òkè Kámẹ́lì, iná ti ọ̀run wá jó ẹbọ Èlíjà, gbogbo ènìyàn sì dojú bolẹ̀. Dallas ti Èlíjà nìyẹn! Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi ń sá fún Jésíbẹ́lì. Ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, òun nìkan wọ aginjù lọ, ó jókòó lábẹ́ igi, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun.

Wòlíì Ọlọ́run ni o! Ẹ wo ohun tí Olúwa ṣe. Kò nà án, kò pè é ní aláìnígbàgbọ́. Ó jẹ́ kí ó sùn. Ó rán áńgẹ́lì pẹ̀lú àkàrà àti omi, ìgbà méjì ni ó sì bọ́ ọ. Lẹ́yìn oúnjẹ àti oorun ni Ó tó bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, Ó fún un ní Èlíṣà, kí ó má baà dá rìn mọ́. Àwọn àgbà wa sọ ọ́ pé ènìyàn ni aṣọ. Ọlọ́run fi aṣọ bo Èlíjà.

Ohun Tí Ó Kù fún Wa Láti Ṣe

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rò pé góòlù ni ẹ fẹ́ràn, pé òun kọ́. Ẹ jẹ́ kí ó kàwé, kí ó sì kọ́ bí a ti ń sọ ohun tí ń dun ni. Ọmọkùnrin tí a ti sọ fún láti kékeré pé ọkùnrin kì í sunkún, níbo ni yóò gbé ẹkún rẹ̀ lọ?

Ẹ̀yin ará, bí ẹnì kan bá ń sá fún ènìyàn, tí kò sùn, tí kò jẹun, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì ṣe dè é mọ́lẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Aró ní Abẹ́òkúta ti ń tọ́jú irú àìsàn yìí láti ọdún 1954. Ẹni tí ó gba oògùn ibà kò kọ ìgbàgbọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó gba oògùn ọpọlọ.

Ẹ tún wo inú ìjọ. Níbo ni akọrin tí gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́ fún ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn wà? Níbo ni olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì wà? Ta ni ó ti kan ilẹ̀kùn wọn nínú oṣù yìí?

Ní ọjọ́ náà, kí n tó gbàdúrà, mo bi ọmọ náà pé kí ni ó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ ṣe fún un. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Kí wọ́n máa wá wò wá, kódà nígbà tí wọ́n bá nà wá." Bàbá rẹ̀ dákẹ́, ó sì fà á mọ́ra. Nígbà náà ni mo gbé ọwọ́ lé àwọn méjèèjì lórí.

Kí Olúwa bù kún ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa. Kí Ó má jẹ́ kí á ṣàìní ènìyàn ní ọjọ́ tí àtẹ́wọ́ bá dákẹ́, kí Ó sì fi àwa náà ṣe ènìyàn fún ẹlòmíràn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.